Ìrìn àjò Ilẹ̀ Mímọ́ fún àwọn àgbà: èwo nínú mẹ́ta yìí ni ẹsẹ̀ wọn lè gbé?

Nígbà tí màmá mi pé ẹni ọdún 74, àwa ọmọ dá owó jọ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí Jerúsálẹ́mù, èmi sì ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. Ìwé tí ẹni tó tà á fún wa fi ránṣẹ́ wu ojú púpọ̀: orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ọjọ́ 11, ibi mímọ́ bíi 40. A ò ka iye hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, bàtà màmá kò wọlé mọ́, ẹsẹ̀ wọn ti wú kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò síbi tí a lè jókòó sí kí n gbàdúrà ni?"

Mo tún padà lọ lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbàdàn. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n nígbà náà, làkúrègbé sì ti mú orúnkún wọn méjèèjì. Hòtẹ́ẹ̀lì méjì péré ni a sùn sí. Ohun tí wọ́n rí kò tó ìdajì èyí tí àbúrò wọn rí, síbẹ̀ títí di òní, wọ́n lè sọ fún yín ibi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan àti Bíbélì tí a kà níbẹ̀. Màmá tèmi, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń rántí.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ sanwó fún bàbá tàbí màmá yín, ẹ ka iye hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ ka wákàtí bọ́ọ̀sì, ẹ béèrè àtẹ̀gùn. Iye ibi mímọ́ ni kí ẹ kà kẹ́yìn.

Mẹ́ta tí wọ́n ń tà

Àkọ́kọ́ ni ti orílẹ̀-èdè mẹ́ta: ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní Káírò, ẹ ó la aginjù Sínáì kọjá wọ Ísírẹ́lì, ẹ ó sì gba Jọ́dánì jáde. Ìkejì ni Ísírẹ́lì pẹ̀lú Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti Jẹ́ríkò, tó wà ní ilẹ̀ àwọn ará Palẹsitínì. Ìkẹta ni Jọ́dánì nìkan, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń yàn láti ìgbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023.

Kí ẹ tó yan Jọ́dánì nítorí pé ó rọrùn, ẹ bi àgbà náà léèrè. Ẹni tó ti ń gbàdúrà láti ogún ọdún sẹ́yìn pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun tẹ Jerúsálẹ́mù, tó sì ń retí ọjọ́ tí wọn ó fi JP (Jerusalem Pilgrim, oyè ẹni tó ti lọ Jerúsálẹ́mù) kún orúkọ òun nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Òkè Nébò ní Jọ́dánì kò lè dípò ìyẹn fún un. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Wákàtí inú bọ́ọ̀sì

Ibí yìí ni ti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ti ń pa àgbà lára. Láti Káírò dé ẹsẹ̀ Òkè Sínáì, wákàtí méje ni tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ṣọ́jà á máa dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹ ò tíì sùn dáadáa tí wọn ó fi kanlẹ̀kùn ní aago kan tàbí méjì òru pé ó yá, ká lọ gun òkè. Òkè náà ga ní mítà 2,285. Ràkúnmí lè gbé yín dé ibì kan, lẹ́yìn ìyẹn àtẹ̀gùn òkúta bíi 750 ló kù, ẹsẹ̀ ara yín lẹ ó sì fi gùn ún. Màmá mi kò gùn ún. Inú yàrá tó tutù bíi yìnyín ni wọ́n jókòó sí títí a fi sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, bí a sì ṣe jẹun tán, bọ́ọ̀sì tún ni, ó di ẹnubodè Taba láàárín Íjíbítì àti Ísírẹ́lì. Níbẹ̀, oníkálukú ló ń fa àpótí ara rẹ̀ kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè. Ẹnubodè kan lè jẹ ìdajì ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ìdúró ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, méjì irú rẹ̀ ló sì wà nínú ìrìn àjò yìí.

Ti Ísírẹ́lì yàtọ̀. Láti Tìbéríà létí òkun Gálílì dé Jerúsálẹ́mù, bíi wákàtí méjì sí méjì àbọ̀ ni. Tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, ẹ ó sùn ní Gálílì fún òru mẹ́ta, ẹ ó sùn ní Jerúsálẹ́mù tàbí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fún òru mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sì di ẹrù láàárín.

Jọ́dánì ló rọrùn jù. Ẹ lè fi Amman, olú ìlú rẹ̀, ṣe ilé títí ẹ ó fi padà. Madaba kò jìnnà síbẹ̀, Òkè Nébò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Madaba, Òkun Òkú àti ibi tí wọ́n gbà pé Jésù ti ṣe ìrìbọmi kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Petra, ìlú àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, nìkan ló jìn, wákàtí mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀. Tí wọ́n bá sọ pé àlọ àti àbọ̀ Petra máa jẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n fi òru kan kún un níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ síta. Ọ̀pọ̀ wọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lo èyí tó máa ń mú èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Màmá mi kò lo tiwọn lọ́jọ́ Sínáì nítorí ìtìjú, wọn kò sì jẹ́ kí n mọ̀. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó kúrò nílé nípa aago tó yẹ kí wọ́n máa lò ó lọ́jọ́ ọ̀nà jíjìn, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà fún yín pé lẹ́yìn wákàtí mélòó ni bọ́ọ̀sì máa ń dúró. Tí kò bá lè dáhùn, kò tíì gbé àgbà rìn rí.

Àtẹ̀gùn

Inú ìlú àtijọ́ Jerúsálẹ́mù, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ti fọ̀ ọ́ dán títí, ó sì máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Ọ̀nà Àgbélébùú, tó ní ibùdó 14, gùn tó nǹkan bíi mítà 600, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, àtẹ̀gùn sì wà káàkiri ojú rẹ̀. Láti wọ ibojì nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, ẹ lè tò fún wákàtí kan sí méjì lórí ìdúró.

Gọ́lgọ́tà wà lókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ga, ó sì há. Mo rí àwọn àgbà tó dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń sunkún pé ibi tí àwọn tìtorí rẹ̀ wá ni àwọn ò rí yìí. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ mọ ohun tí wọn ò mọ̀: ní abẹ́ Gọ́lgọ́tà gan-an, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, yàrá àdúrà kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Ádámù. Ẹ máa rí àpáta Gọ́lgọ́tà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀, pẹ̀lú ojú ibi tó ti là. Ibẹ̀ ni amọ̀nà wa mú Màmá Ìbàdàn lọ. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì yẹn, wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a ń jáde, wọ́n dì mí lápá mú, wọ́n rọra kúnlẹ̀ níbi Òkúta Ìkunra lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí wọ́n ní orí rẹ̀ ni wọ́n ti fi òróró kun òkú Jésù, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n sì fi nu òkúta náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Òróró olóòórùn dídùn tí àwọn èèyàn ń dà síbẹ̀ mu aṣọ náà. Gèlè yẹn wà nínú ọ̀rá nínú àpótí wọn di òní, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.

Irú amọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni owó yín gbọ́dọ̀ rà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fún àwọn èèyàn ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí, kí ẹni tó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn lè gbọ́ ohun tí amọ̀nà ń sọ níwájú. Tí kò bá sí i, àgbà á máa sáré kí ó má bàa pàdánù ọ̀rọ̀.

Àwọn ibi tó rọrùn pọ̀ ní Ísírẹ́lì. Ọgbà Ibojì, ibòmíràn tí àwọn kan gbà pé wọ́n sin Jésù sí, ní ìjókòó púpọ̀, àga onítáyà sì ń dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Kápánáúmù àti Òkè Ìbùkún létí Gálílì tẹ́jú. Ní Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn tí àwọn Júù ti ń gbàdúrà, kí wọ́n já yín sí ẹ̀gbẹ́ Ẹnubodè Ààtàn, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kéré débi pé àgbàlagbà ní láti tẹ̀ ba kó tó wọlé, àtẹ̀gùn tó sọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n bí Jésù sì máa ń kún fún èrò. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú.

Ní Jọ́dánì, Òkè Nébò kò le. Ọ̀nà tó dára ló lọ sókè, ìrìn kékeré ni. Ibẹ̀ ni Bíbélì sọ pé Mósè dúró sí ní ẹni 120 ọdún, tó wo ilẹ̀ ìlérí láìwọ̀ ọ́. Tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí àfonífojì Jọ́dánì àti Jẹ́ríkò níwájú yín. Ní ibi ìrìbọmi Al-Maghtas, tí UNESCO fi sínú àwọn ogún ayé ní ọdún 2015, bọ́ọ̀sì kékeré ló ń gbé èèyàn wọlé, ẹ ó wá fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Odò náà há, omi rẹ̀ pọ́n bí omi àgbàrá, ẹ sì lè gbọ́ orin àwọn tó ń ṣe ìrìbọmi lódìkejì. Petra ló le: láti ẹnu géètì dé iwájú ilé òkúta tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn tó kìlómítà méjì, ìsàlẹ̀ ni ní àlọ, òkè wá ni ní àbọ̀. Ọkọ̀ kékeré oníná mànàmáná wà tó ń gbé èèyàn, owó rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ rí i pé ó wà nínú ohun tí ẹ san.

Yàrá, oúnjẹ, ojú ọjọ́

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, tí àwọn tó ń pa á mọ́ kì í tẹ bọ́tìnì iná. Ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àwọn Júù, lífìtì á máa dúró fúnra rẹ̀ ní gbogbo àjà, ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó dé yàrá. Ẹ béèrè fún yàrá ìsàlẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kò ní wàhálà yìí, owó wọn sì sábà máa ń dínkù, àmọ́ ẹ ó máa gba ibùdó àyẹ̀wò àwọn ṣọ́jà kọjá láàárọ̀ kí ẹ tó wọ Jerúsálẹ́mù. Èmi á san owó tó pọ̀ jù, kí àgbà sùn sí Jerúsálẹ́mù.

Oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ ló sábà máa ń wà nínú owó, ọ̀sán wà lọ́wọ́ yín. Búrẹ́dì, ẹ̀fọ́ tútù àti ẹ̀wà lílọ̀ ló pọ̀. Ẹja tí wọ́n ń pè ní ti Pétérù létí Gálílì, épìyà ni, wọ́n á dín in lódindi. Ata gígún tí mo gbé dání ni Màmá Ìbàdàn fi jẹ ẹ́, ọjọ́ yẹn sì ni oúnjẹ kọ́kọ́ lọ lẹ́nu wọn.

Oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, tàbí Ìkẹwàá sí Ìkọkànlá ni kí ẹ lọ. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ooru Jẹ́ríkò àti Òkun Òkú ń kọjá 40°C. Ní oṣù Kìíní, òtútù Jerúsálẹ́mù á wọ eegun.

Ẹni tí ẹ máa sanwó fún

Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò mímọ́, ọ̀pọ̀ sì ti tọwọ́ wọn lọ. Àmọ́ àwọn ló ń mú ọjọ́, èrò ń pọ̀, ẹ ò sì lè sọ ẹni tí màmá yín máa bá sun yàrá kan. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúrà nínú, àwọn tó mọ ara wọn ló sì jọ ń lọ. Kí ẹ kàn sọ fún pásítọ̀ kí wọ́n tó kọ̀wé pé àwọn tó ń bá a lọ kì í ṣe ọ̀dọ́. Lọ́dọ̀ aládàáni, ẹ lè béèrè ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bóyá wọ́n wà nínú NANTA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ìrìn àjò, kí gbogbo ìlérí wọn sì wà lákọsílẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ béèrè ìwé ATOL: òun ló ń dáàbò bo owó yín tí ilé iṣẹ́ tó ta bàálù pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì bá wó lulẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò kì í san owó tó bá jẹ́ pé ogun ló dá ọkọ̀ òfuurufú dúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í san fún àìsàn tí ẹ ò sọ fún wọn ṣáájú. Ẹ ka ìwé wọn. Ẹ sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ ti ìtọ̀ ṣúgà. Oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, pàápàá insulin, nítorí ó lè dì nínú ikùn ọkọ̀ òfuurufú. Àga onítáyà ní pápákọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè fún un ní ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, kódà kí àgbà náà ní òun lè rìn.

Tí wọ́n bá bi mí, ti orílẹ̀-èdè mẹ́ta, àwọn tí kò tíì pé 65 tí ara wọn le nìkan ni màá jẹ́ kó lọ. Tí àlàáfíà bá wà, Ísírẹ́lì pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì méjì ni màá rà fún àgbà tó lè rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsinmi. Jọ́dánì ni fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, tàbí nígbà tí ọkàn ẹbí kò bá balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ogun.

Màmá mi ti ní àwọn fẹ́ rí ibi tí Mósè dúró sí. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi mímọ́ fún mi lórí fóònù, mo ní kí ó dúró ná, hòtẹ́ẹ̀lì mélòó ni? Ó ní ọ̀kan ni, ní Amman, àjà kejì, lífìtì sì wà. Mo ti san àsansílẹ̀.