FamilySearch fún ọmọ Òkun: ó mọ ohun pamọ́, kò mọ ọ́n wá

Ẹni tó bá ti Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ wá, kó má wọ orí FamilySearch, ìkànnì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti ń wá ìran ẹni tí wọ́n sì ń kọ ọ́ pamọ́, pẹ̀lú ìrètí pé òun á tẹ orúkọ bàbá-bàbá òun, kí ìran márùn-ún sì tò jáde. Kò ní í jáde. Fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà àti ará Gẹ̀ẹ́sì ló ń kó irú ìrètí yẹn sí wa lórí. Ní tiwọn, ìwé ìkànìyàn tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ará ilé sí máa ń di ohun tí gbogbo ayé lè kà tó bá pẹ́ tó: ọdún 72 ni Amẹ́ríkà ń dúró, ìdí nìyẹn tí ti 1950 fi jáde ní 2022, ọgọ́rùn-ún ọdún ni tàwọn Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìjọba tẹ̀ jáde nínú ìkànìyàn 1952 ní Kabba Province, ẹkùn tí ìjọba òyìnbó kó ilẹ̀ Òkun sí, kò ju iye ènìyàn, ẹ̀yà, akọ àti abo àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ kò sí níbẹ̀. Ti 1931 tiẹ̀ tún kéré sí i, torí inú ìwé owó-orí ni wọ́n ti fa èyí tó pọ̀ jù yọ ní Àríwá. Ti 1973, ìjọba fagi lé e pátápátá.

Iṣẹ́ tí FamilySearch mọ̀ ọ́n ṣe ni ìpamọ́, a ò sì tíì rí èyí tó dáa jù ú lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù ló tó láti fi ṣí àkáǹtì. Ẹni tó wà láàyè tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa rí i. Olóògbé ni gbogbo ayé ń rí, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni tó ní àkáǹtì lè tún kọ. Wàhálà wà níbẹ̀: mọ̀lẹ́bí kan tó jókòó sí Èkó lè yí ọdún ikú bàbá àgbà padà láìbi ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti ń fi olóògbé kan síbẹ̀, ẹ tẹ «Follow» lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè máa ta yín lólobó tí nǹkan bá yí, kí ẹ sì kọ ẹ̀rí yín sábẹ́ «Sources». Ẹni tó bá bá ẹ̀rí nílẹ̀ kì í sáré pa á rẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ «Genealogies» wò, torí wọ́n ní àkójọ ìran tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn àgbà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀.

Ilé olórogún kò dà á láàmú. Ẹ fi ìyàwó kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ so ọmọ mọ́ ìyá tó bí i. Bí ẹ bá so gbogbo wọn mọ́ ìyálé torí pé orúkọ tirẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, títú u yóò pẹ́ ju kíkọ rẹ̀ lọ. Orúkọ ìdílé ló ń dojú rú jù. Láyé àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, ẹnìkan lè fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé, kí àbúrò rẹ̀ fi ti bàbá àgbà ṣe é, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Àyè wà fún orúkọ mìíràn; ẹ kó oríkì, orúkọ ìrìbọmi àti orúkọ mùsùlùmí síbẹ̀. Tó bá kan ìlú, ó lè dábàá «Kabba, Kogi, Nigeria» fún ẹni tó kú ní 1940, nígbà tó jẹ́ pé 27 August 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ìwé àtijọ́ sọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ti òde òní ṣe atọ́ka lórí máàpù lásán.

Lẹ́tà àtijọ́ ni ohun tó yẹ kí ẹ kó síbẹ̀ jù, àpò rẹ̀ sì lè wúlò ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bí kò bá ní ọjọ́, tí òǹtẹ̀ pósófíìsì sì ti pa rẹ́, ẹ wo sítáǹbù. Èyí tó gbé orí George Kẹfà kò lè ṣáájú December 1936. Ti Elizabeth kò lè ṣáájú February 1952. Èyí tí wọ́n kọ Ghana sí dípò Gold Coast kò lè ṣáájú March 1957. Èyí tí wọ́n fi kọ́bọ̀ ṣírò kò lè ṣáájú 1973. Ọjọ́ tí lẹ́tà kò lè ṣáájú nìkan ni sítáǹbù ń sọ o, torí wọ́n ń lo ti ọba tó ti wàjà títí yóò fi tán lọ́jà. Ẹ má sì fi «aiye» àti «enia» mọ ọjọ́ orí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ìlànà àkọtọ́ ṣe ní 1974. Orúkọ tó tẹ̀lé «c/o» lára àpò ni onílé tàbí ọ̀gá tó gba ẹni yẹn sílé, ó sì lè jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Akọ̀wé ló kọ púpọ̀ nínú lẹ́tà wọ̀nyí fún ẹni tí kò mọ̀wé, torí náà ìrísí ìkọ̀wé kò fi ẹni tó ni ọ̀rọ̀ hàn.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣubú jù ni «bàbá mi». Nínú lẹ́tà, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí olórí ẹbí. «Àbúrò mi» sì lè jẹ́ ọmọ àǹtí. Ẹ má so ẹnikẹ́ni mọ́ra lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, àfi tí ìwé kejì bá ti ohun kan náà lẹ́yìn.

Ẹ fi 300 dpi (bí àwòrán ṣe máa mọ́lẹ̀ tó) ṣe síkáànì lẹ́tà, 600 fún fọ́tò kékeré, tojú tẹ̀yìn, àtàpò. Fáìlì kan kò gbọ́dọ̀ kọjá 15 MB ní «Memories», ibi tí wọ́n ń kó fọ́tò àti ìwé sí lórí FamilySearch. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ yà á nítòsí fèrèsé ní ọ̀sán, láìtan fíláàṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ fún oní-laminéṣọ̀n. Ooru ẹ̀rọ yẹn lè ba tàdáwà jẹ́, kò sì ṣeé ṣí mọ́.

Wíwá orúkọ gan-an di ọ̀rọ̀ National Archives ní Kaduna. Kì í ṣe ti Ìbàdàn, torí Àríwá ni wọ́n ka Kabba Province sí. Ẹ béèrè LOKOPROF (fáìlì ìjọba láti Lọ́kọ́ja) àti SNP (fáìlì akọ̀wé ìjọba Àríwá). Kí ará Yàgbà béèrè ILORPROF (fáìlì ti Ìlọrin) pẹ̀lú, abẹ́ Ìlọrin ni Yàgbà wà níbẹ̀rẹ̀ ìjọba òyìnbó. Ọkùnrin tó ti dàgbà ni owó-orí Àríwá ń mú, torí náà ẹ má wá ìyá àgbà níbẹ̀. Inú ìwé ìrìbọmi ni ẹ ti lè rí i. Àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà ní 1908, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ló ń jẹ́ ECWA báyìí. Àgbàlagbà tó ti gbàgbọ́ ni wọ́n ń rì bọmi níbẹ̀, nítorí náà ọdún ìrìbọmi kì í ṣe ọdún ìbí. Ti Àgùdà àti Áńgílíkà sábà máa ń sún mọ́ ọjọ́ ìbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà CMS (Church Missionary Society, míṣọ́nnárì Áńgílíkà) láti Lọ́kọ́ja wà ní Yunifásítì Birmingham, CA3 ni nọ́ńbà àwọn tó pẹ́ jù.

Ẹ mọ̀ pé ìjọ Mormon ló ni FamilySearch, wọ́n sì máa ń fi ẹni tó wà láàyè ṣe ìrìbọmi dípò òkú. Ìdílé tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí wọ́n jíròrò kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ kankan síbẹ̀. Ní ti Ancestry, ìkànnì ìwádìí ìran mìíràn tó ń gbowó, ẹ má san án àyàfi tí ẹ̀ka ìdílé yín kan bá ti wà ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ pípẹ́.

Lẹ́tà tó bá dárúkọ ààlà ilẹ̀, ẹni tí oyè kàn, tàbí ẹni tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà, ẹ má gbé e sórí «Memories». Orúkọ àti ọdún tó wà nínú rẹ̀ tó láti kọ síta. Kí olórí ẹbí mú ìwé náà fúnra rẹ̀ pamọ́.