Ọdún kan nínú ẹgbẹ́ kámẹ́rà n'Ìbàdàn: ṣé ó tó owó tí mò ń san?

Láti oṣù kejì ọdún tó kọjá ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kámẹ́rà kan n'Ìbàdàn níbí. ₦3,000 là ń san lóṣooṣù, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù la sì ń jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tí YouTube ò ní.

Òfin wọn kan ló mú un yàtọ̀. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ mú ohun kan ṣoṣo tí yóò máa yà fún odidi ọdún kan. Fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti òkú àgbà tí wọ́n sanwó rẹ̀ kò wọ ibẹ̀. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ni. Lóṣooṣù, á tẹ fọ́tò 10 jáde, á tò wọ́n sórí tábìlì gígùn, á sì pa ẹnu mọ́. Fún ìṣẹ́jú 10, àwa yòókù la ó máa sọ ohun tí a rí. Ó nira fún mi lákọ̀ọ́kọ́, nítorí mo ti to àlàyé mi láti ilé wá.

Irun ni iṣẹ́ tèmi. Onídìrí ni ìyá mi, abẹ́ àtíbàbà kan ní Bódìjà ni wọ́n ti ń ṣe é: irun dídì, irun kíkó, ṣùkú, pàtẹ́wọ́, kọ̀lẹ́sẹ̀. Mo ya àwọn oníbàárà wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń wo dígí. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ti ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn láti ìgbà fíìmù. Wọ́n wo tábìlì mi títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, irun lo pe iṣẹ́ rẹ. Ojú ni mò ń rí."

Bàbá yìí ló sọ̀rọ̀ J.D. 'Okhai Ojeikere fún mi, oníṣẹ́ fọ́tò kan, ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó òní, tí wọ́n bí ní 1930, tó sì papòdà ní 2014. Ní 1954, Ìbàdàn wa yìí ló ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba. Ní 1968, nígbà tó ti dé Èkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin, kò sì dẹ́kun títí tí oríṣi irun tó yà fi tó bí 1,000. Ìpàkọ́ ló sábà máa ń yà, ní dúdú àti funfun, láìsí nǹkan kan lẹ́yìn tí yóò gba ojú mọ́ irun lọ́wọ́. Bí mo ṣe délé, mo ta aṣọ funfun, mo bẹ àwọn oníbàárà kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, irun tó dúdú kirikiri wá rí bí eérú nínú fọ́tò mi. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi ohun tó fà á hàn mí. Kámẹ́rà gbà pé ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀ yẹ kó rí bí eérú, láàárín dúdú àti funfun. Tí dúdú bá kún ojú rẹ̀, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Wọ́n ní kí n lo bọ́tìnnì tí wọ́n kọ + àti − sí lára, kí n gbé e sí −1. Inú mi dùn débi pé mo pariwo: òwú ń dán, ojú ìlà tí ìyá mi fi òòyà là hàn kedere.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ni mo fẹ́ràn jù. Igbó-Ọrà ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń ya ìbejì tó ti dàgbà, Táyé lọ́tọ̀, Kẹ́hìndé lọ́tọ̀, lórí àga kan náà. Bàbá wá sọ fún wọn pé láyé àtijọ́, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, oníṣẹ́ fọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á so ó pọ̀ bí ẹni méjì, àwọn òbí á sì gbé e kọ́. Gbogbo wa dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń wá àwọn tí èkejì wọn ti lọ, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ lára bébà.

Ẹ̀dùn ọkàn mi wà o. Títẹ fọ́tò 10 ń gba owó ju owó ẹgbẹ́ lọ, ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n júwe fún wa sì ń sọ awọ ara wa di pupa. Bákan náà, àwọn tó ń fi fóònù yàwòrán kì í rí ẹni dá wọn lóhùn tí ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin méjì sì ti tìtorí ẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó dùn mí, iṣẹ́ wọn dára.

Èyí tó wúwo jù ni pé kò sí òfin kankan tẹ́lẹ̀ nípa gbígba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí a bá yà. Ìyá mi ló bi mí pé, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé ò ń gbé orí wọn lọ síbi tí àlejò ń wò ó?" Orí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà lé gbogbo ọwọ́. Mo gbé e dé ìpàdé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí kálukú tọrọ àyè.

Mo ti san ti ọdún yìí. Ẹni tó ń wá bó ṣe máa rí iṣẹ́ òde gbà, ibẹ̀ kọ́ ni kó wá. Ẹni tí nǹkan kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó fẹ́ wò ní àwòtúnwò, kó bọ̀. Méjì méjì ni mò ń tẹ fọ́tò mi báyìí, ọ̀kan fún ẹni tó ni orí. Ìyá mi gba mẹ́fà lọ́wọ́ mi, wọ́n kàn án mọ́ òpó àtíbàbà, àwọn oníbàárà sì ti ń nawọ́ sí i pé, "Màmá, èyí ni kẹ́ ẹ ṣe fún mi."