Ilé ìtọ́jú ikùn àti ìfun tí a gbé màmá mi lọ ní Ìbàdàn

Nígbà tí inú rírun màmá mi wọ ọdún kejì, tí oògùn ọgbẹ́ inú tí à ń rà ní kẹ́míìsì kò ṣe é mọ́, a gbà pé ó tó àkókò kí dókítà tí ó kọ́ṣẹ́ ikùn, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ní pàtó yẹ̀ wọ́n wò. Ibi tí a kọ́kọ́ lọ kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìbéèrè méjì péré ni wọ́n bi wá, wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò, wọ́n ní kò sí kòkòrò kankan, wọ́n sì tún kọ omeprazole, oògùn tí ó ń dín omi kíkan inú kù, fún wa.

Ibi kejì, ilé ìwòsàn aládàáni kan, ni mo fẹ́ ròyìn. Kí a tó lọ, mo ti wádìí pé dókítà ibẹ̀ gba oyè onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí West African College of Physicians ń fúnni, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ "ọgbẹ́ inú" sára pátákó.

Ọ̀rá tí màmá mi ń kó oògùn sí ni dókítà náà kọ́kọ́ béèrè. Ó ń gbé oògùn inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè àgbo pẹ̀lú, àfi ìgbà tí ó kan ibuprofen tí wọ́n ń lò sí orúnkún. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé irú oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ máa ń ba ohun tí ó ń dáàbò bo agbẹ̀du jẹ́ títí yóò fi di egbò. Èmi gan-an ni mo ń rà á fún wọn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọra. Ó tún sọ fún wa pé omeprazole lè mú kí H. pylori, kòkòrò tí ó ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú, fara pamọ́ nígbà àyẹ̀wò, nítorí náà kí wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó padà wá.

Nítorí pé màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n sì ń rù, ó ní endoscopy, ìyẹn fífi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní kámẹ́rà gba ẹnu wo inú agbẹ̀du, di dandan. Wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀ fún wa ṣáájú, kò sì sí kọ́bọ̀ tí ó gorí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ wọn mú títí tí wọ́n fi fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà jáde. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀, kòkòrò náà sì wà níbẹ̀.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé a jókòó láti aago mẹ́jọ títí di aago mọ́kànlá kọjá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì wà fún gbogbo aláìsàn, èyí tí kò yẹ ibi tí àwọn tí inú ń yọ lẹ́nu ń wá.

Lẹ́yìn oògùn apakòkòrò ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n pè wá padà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e láti rí i dájú pé kòkòrò náà ti lọ. Ó ti lọ. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀, kí ó kó gbogbo oògùn ilé rẹ̀ dání, kí ó sì tètè jí.