Òwò òdodo àti ẹ̀tọ́ ìdìbò: ìjà méjì tí AFL-CIO ń jà

AFL-CIO ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà. Lórí òwò, wọ́n tako NAFTA, àdéhùn òwò láàárín Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, nítorí ó rọrùn fún ilé iṣẹ́ láti kó lọ sí Mẹ́síkò níbi tí owó iṣẹ́ ti kéré. Ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí USMCA, àdéhùn tó rọ́pò rẹ̀ ní 2020, nígbà tí wọ́n ti fi kún un pé èèyàn lè fi ẹjọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo sùn tó bá tẹ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́: ní Silao, ní Mẹ́síkò, àwọn òṣìṣẹ́ General Motors, ilé iṣẹ́ ọkọ̀, dìbò kọ àdéhùn iṣẹ́ wọn àtijọ́ ní 2021, wọ́n sì yan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun fúnra wọn ní 2022. Inú mi dùn sí ti Silao yìí gan-an.

Ti ìdìbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yọ eyín lẹ́nu òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti 1965. Àbá òfin tó fẹ́ dá agbára òfin náà padà, tí wọ́n fi sọrí John Lewis, aṣòfin tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tí AFL-CIO sì ń tì lẹ́yìn, há sí ilé aṣòfin àgbà. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kó ṣáájú, torí àwọn tí aráàlú dìbò yàn náà ló ń fọwọ́ sí àdéhùn òwò.