Seagull Àtijọ́ àbí Yamaha Enduro fún Ọkọ̀ Onípákó?
Ẹni tó ń tún ọkọ̀ onípákó bàbá rẹ̀ ṣe ní Mákòókò, má kánjú ra ẹ́ńjìnnì. British Seagull, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ará Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1931 àmọ́ tí wọn kò ṣe mọ́, wù mí gan-an. Okùn la máa ń wé mọ́ orí rẹ̀ ká tó fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní jíà, bó bá ti jí báyìí, ó di eré. Èyí tó pẹ́ jù ń fẹ́ kí a po ìwọ̀n ọ́ìlì kan mọ́ ìwọ̀n epo bẹntiróò mẹ́wàá, èéfín rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n.

Yamaha Enduro kò lẹ́wà tó o, àmọ́ àwọn mẹkáníìkì etí ọ̀sà mọ tinú tòde rẹ̀. Òun ni mo fara mọ́ fún ìrìn ojoojúmọ́. Kó o tó sanwó, yẹ ibi tí omi ń gbà tu ẹ́ńjìnnì náà lára wò: iyọ̀ lè ti dí i.