Àwo, kásẹ́ẹ̀tì, síídì àbí mẹmọ́rì káàdì: èwo ni kẹ́ ẹ fowó yín rà nínú orin pẹ̀lẹ́ àtijọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó orin pẹ̀lẹ́ àtijọ́ jọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní easy listening, àtàwọn orin òyìnbó tó ṣàrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n máa ń ki igbe ẹyẹ àti agogo bọ inú ẹ̀, ẹ dákun kẹ́ ẹ tó mówó jáde ẹ kọ́kọ́ ka èyí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Mo ti ra àwo ní Sàbó, mo ti lọ rà á ní Ọ̀yọ́, mo ti ra kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta abọ́ tòkunbọ̀ nítòsí Tákìé, mo ra síídì lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù wọlé, mo sì ti sanwó fáwọn ọmọ tó ń da orin sórí mẹmọ́rì káàdì, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Kẹ́ ẹ tó béèrè pé orin ta ni kẹ́ ẹ rà, ẹ bi ara yín pé kí lẹ máa fi gbọ́ ọ, irú iná wo lẹ sì máa fi gbọ́ ọ, torí ibẹ̀ gan-an lowó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò.

Orin pẹ̀lẹ́ ò lè bo àléébù mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Àwo jùjú tójú ẹ̀ ti họ díẹ̀, ẹ ṣì máa jó sí i, gángan pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á ti gba gbogbo inú ilé, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ta pá-pá lábẹ́ ẹ̀. Ẹ wá gbé Mantovani sórí ẹ̀rọ. Venice ní Ítálì ni wọ́n ti bí bàbá yẹn, London ló ti ṣiṣẹ́, Decca ló ń gbé àwo ẹ̀ jáde, orin "Charmaine" tó ṣe lọ́dún 1951 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, Ronald Binge ló sì bá a to fàólíìnì inú ẹ̀ lọ́nà tó fi dà bíi pé omi ń ṣàn lórí àpáta, tí fàólíìnì kan bá dá a, òmíràn á gbà á lẹ́nu ẹ̀, òmíràn á tún gbà á, kẹ́ ẹ tó mọ̀ gbogbo ẹ̀ ti wọnú ara wọn. Tójú àwo yẹn bá ti họ, bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yín ló máa rí, epo á máa ta, fàólíìnì á máa lọ lábẹ́ ẹ̀, ọkàn yín ò ní balẹ̀ títí tó fi máa tán.

James Last ará Jámánì yàtọ̀. Àwọn àwo Non Stop Dancing ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965, orin kan ń wọnú òmíràn láìdúró ni, wọ́n sì ki ariwo àwọn tó ń ṣe pátì bọ̀ ọ́, àtẹ́wọ́, ẹ̀rín, igbe. Tí àwo bẹ́ẹ̀ bá ń ta pá-pá, ẹ máa rò pé èèyàn ló ń ṣe é. Torí náà tówó yín ò bá pọ̀, James Last tó họ díẹ̀ sàn fíìfíì ju Mantovani tó họ díẹ̀ lọ, kódà kó jẹ́ iye kan náà ni wọ́n pe méjèèjì. Àárín àwọn méjèèjì ni mo fi Bert Kaempfert sí, ọmọ Hamburg, torí pé báàsì ẹ̀ le díẹ̀ ṣùgbọ́n fèrè ẹ̀ rọ̀. Àwo A Swingin' Safari tó ṣe lọ́dún 1962, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ má jẹ́ kó lọ. Orin "That Happy Feeling" tó wà nínú ẹ̀, ará Ghana ló ni ín o, Guy Warren, onílù tó wá yí orúkọ padà sí Kofi Ghanaba nígbà tó yá. Òyìnbó fi fèrè àti fàólíìnì bò ó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ ẹ máa mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa níbí lorin yẹn ti jáde. Inú mi máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e sí i.

Bí mo ṣe ń yẹ àwo wò ní Sàbó rèé. Mi ò kì í kọ́kọ́ wo páálí. Mo máa fa àwo yọ, màá fi àtẹ́lẹwọ́ gbé etí ẹ̀, àtàǹpàkò lórí bébà àárín, màá wá kọjú ẹ̀ sí oòrùn, màá máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi máa yọ́ lórí ẹ̀. Ìlà tó bá fẹ́lẹ́ bí irun, tẹ́ ẹ fi èékánná kọjá lórí ẹ̀ jẹ́jẹ́ tí ò kọ́ ọ, kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó bá kọ́ èékánná yín, abẹ́rẹ́ máa fò níbẹ̀. Ẹ wá wo ihò àárín. Tí ìlà wíníwíní funfun bá ti yí ihò yẹn ká, ìyẹn ni pé àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ máa ń táràrà lórí igi àárín ẹ̀rọ kí wọ́n tó rí ihò ki bọ̀ ọ́, tí ìlà bá ti pọ̀, wọ́n ti gbé e sí i jù. Àwo tó ṣì dúdú tó ń dán, ó dáa. Àwo tó ti funfun bí ẹsẹ̀ ọmọdé tí ò rí òróró pa lásìkò ọyẹ́, abẹ́rẹ́ tó wúwo ló ti jẹ ẹ́, ẹ má rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọṣẹ máa mú un dán padà. Ẹ gbé e dọ́gba pẹ̀lú ojú yín kẹ́ ẹ rí i bóyá ó ti wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka bébà àárín, ẹ ka páálí, kí méjèèjì bára mu. Ọkùnrin kan ta páálí Martin Denny, ọ̀kan lára àwọn olórin onígbe ẹyẹ yẹn, fún mi, mo sanwó tayọ̀tayọ̀, mo délé, ẹ̀kọ́ èdè Faransé ni mo bá nínú ẹ̀, ìgbà tí mo sì máa fi padà lọ, ó ti kó igbá kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iná, èyí táwọn tó ń ta ẹ̀rọ àwo kì í bá yín sọ. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tòkunbọ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá, 110 volt ni, 60 Hz sì ni, ìyẹn ni pé iná ń lù nígbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ra tiransifọ́mà. Òótọ́ ni, tiransifọ́mà máa tún ti volt ṣe, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan 60 Hz yẹn, 50 Hz niná tiwa. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ tí mọ́tọ̀ inú ẹ̀ ń tẹ̀ lé bí iná ṣe ń lù, àwo tó yẹ kó yí ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi 28 ló máa yí, orin ìgbéyàwó á di orin òkú. Ẹ̀rọ tó bá ti England tàbí Jámánì wá, 50 Hz ni tiwọn náà, kò ní wàhálà yẹn. Nítorí náà ẹ yí ẹ̀rọ padà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ 60 Hz nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 50/60 Hz, ẹ ṣì ní kí wọ́n tan án, ẹ lẹ bébà pínpín mọ́ etí àwo, ẹ wo aago, ẹ ka iye ìgbà tí bébà yẹn kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò gba ọgbọ́n kankan, ẹni tó sì ń tajà lóòótọ́ ò ní bínú sí i.

Iná jẹnẹrétọ̀ kékeré tún wá burú jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Kaempfert ni mo ń gbọ́, jẹnẹrétọ̀ ń lọ lẹ́yìnkùlé, ìyàwó mi tan bìléńdà láti lọ ata, fèrè tó ń lọ jẹ́jẹ́ bá rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí omijé gba lọ́rùn, bó ṣe pa bìléńdà ni fèrè náà gòkè padà. Ohun tó fà á ni pé eré tí ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ bá ń sá ló ń pinnu bí iná á ṣe máa lù, ẹrù wúwo lé e, eré já, mọ́tọ̀ àwo náà já. Ìnfátà tó dáa ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ bíi Technics SL-1200 tó jáde lọ́dún 1972, tí mọ́tọ̀ ẹ̀ ń yí àwo fúnra ẹ̀ láìsí bẹ́líìtì, òun náà ò ní gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń mí, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tẹ́ ò bá ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ má tíì ra àwo, ẹ ra síídì.

Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Philips ló gbé e jáde lọ́dún 1963, bátìrì lásán lẹ lè fi gbọ́ ọ, kò bìkítà fún NEPA, èyí nìkan ni mo lè fi yìn ín tó bá di orin pẹ̀lẹ́. Ó máa ń ṣe ṣíììì lábẹ́ orin, fàólíìnì sì kórìíra ṣíììì yẹn. Èyí tó wá pọ̀ jù nígboro wa níbí, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ìgbohùnsílẹ̀ láyé ọjọ́un ló da orin sínú ẹ̀ látorí àwo, ìyẹn ni pé pá-pá ti àwo wà níbẹ̀, ṣíììì ti kásẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, àléébù méjì lẹ fi owó kan rà. Ẹ wo ojú fèrèsé ẹ̀ kékeré yẹn dáadáa, tí etí téèpù bá ti hu nǹkan funfun, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ yín rárá, ó máa ba orí ẹ̀rọ jẹ́. Ẹyọ kan péré ni màá gbé láìwo iye owó: èyí tẹ́nì kan fọwọ́ ara ẹ̀ gbà sílẹ̀, bóyá ẹgbẹ́ akọrin iléèwé, bóyá àwọn afọnfèrè níbi òkú, bóyá bàbá kan tó ń tẹ dùrù nílé. Ohùn inú ẹ̀ lè máà sí níbòmíràn láyé.

Síídì ti wà látọdún 1982, fún ẹni tó kàn fẹ́ jókòó kó gbọ́ orin ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, òun ni mo fọwọ́ sí jù. Kì í ta pá-pá, kì í ṣe ṣíììì, wọ́n sì sábà máa ń kó àwo méjì tàtijọ́ pọ̀ sórí ẹyọ síídì kan. Ẹ yí i padà, kí abẹ́ ẹ̀ jẹ́ fàdákà, tó bá jẹ́ búlúù tàbí tó fẹ́ ṣe bí ewé, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi dà á kọ, ẹ má san owó ojúlówó lé e. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ojú òkè tí wọ́n kọ̀wé sí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù fún, torí ibẹ̀ ni fàdákà yẹn sún mọ́, ìhọra kékeré níbẹ̀ ti tó láti pa á. Ẹ gbé e sí oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ wíníwíní nínú ẹ̀, ẹ dá a padà. Ohun tó dùn mí nípa síídì ò ju àwòrán lọ, torí àwọn páálí àwo orin yìí rẹwà débi pé ẹ lè gbé wọn kọ́ sí pálọ̀, ti síídì ò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Mẹmọ́rì káàdì, ẹ fi tọ́ ọ wò ni. Ó dínwó, wọ́n á da ọ̀ọ́dúnrún orin sí i fún yín, ṣùgbọ́n orúkọ orin á dàrú, James Last á máa jẹ́ Paul Mauriat, ẹ ò sì ní mọ àwo tó ti wá. Èyí tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó wọ̀ yín lára, ẹ wá a lọ ní síídì tàbí àwo.

Ó ku ọ̀rọ̀ mono, ìyẹn èyí tí gbogbo ohùn ń jáde pọ̀ lójú kan, àti stereo, èyí tí wọ́n pín ohùn ẹ̀ sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Àwo Exotica ti Martin Denny jáde ní mono lọ́dún 1957. Lọ́dún 1958 wọ́n tún gbogbo ẹ̀ lù fún stereo, nígbà yẹn Arthur Lyman tó ń lu vibraphone, ìyẹn ohun èlò onírin tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, ti kúrò nínú ẹgbẹ́, Julius Wechter ló wà nípò ẹ̀. Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe àwo kan tí wọ́n pe ní iye méjì, ìlù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èmi, mono ni mo fẹ́, ọwọ́ Lyman ló dára jù létí mi, tí Augie Colon tó wà nínú ẹgbẹ́ Denny bá wá ń ké bí ẹyẹ nínú "Quiet Village", orin tí Les Baxter kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1951, ara mi á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n Esquivel ọmọ Mexico, ẹ má gba mono ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún Latin-Esque ti ọdún 1962, ńṣe ni wọ́n pín ẹgbẹ́ olórin sí sitúdíò méjì kí apá ọ̀tún àti apá òsì lè dá dúró, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ ní mono, ìdajì ohun tẹ́ ẹ rà ni kò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí àwo Les Baxter ti 1951 yẹn tí wọ́n kọ stereo sí lára, wọ́n fi ẹ̀rọ tan etí yín ni, Duophonic ni Capitol, iléeṣẹ́ tó gbé e jáde, ń pe irú ẹ̀, kò yẹ kẹ́ ẹ fowó kún un. Ẹ má sì gbé àwo stereo sórí àwọn giramafóònù alápótí àtijọ́, abẹ́rẹ́ wọn wúwo, ó máa jẹ ìlà ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá bá Drums of Passion ti Babatunde Olatunji pàdé lórí igbá kan náà pẹ̀lú Denny, torí àwọn tó ń kó orin yìí jọ lókè òkun máa ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ kọ́kọ́ mú Olatunji. Àjídò lẹ́bàá Bàdágìrì ni bàbá yẹn ti wá, Columbia gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960, ẹ máa gbọ́ "Akíwowo" tí wọ́n ń kọ sí ọkùnrin ojú irin ní Yorùbá gidi. Aginjù Denny, ọkàn ló fi rò ó, ti Olatunji, ilé ẹni ni. Ìlù inú ẹ̀ le, ó máa bo pá-pá mọ́lẹ̀, torí náà èyí tó họ díẹ̀ náà, ẹ rà á ní àwo, kò di dandan kẹ́ ẹ dúró de síídì.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á tán ní Ọ̀yọ́, ẹ má gbé e sórí pákó ẹ̀yìn mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, oòrùn ọ̀sán gun àwo mẹ́ta mi títí wọ́n fi wọ́ bí ewé tó rọ. Orí itan ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Nílé, ẹ gbé wọn dúró bí ìwé, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, tí ọyẹ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ ta aṣọ mímọ́ bo orí pẹpẹ náà títí òjò á fi rọ̀.