"Kò ní etí orin": ohun tí ojú wa rí nílé ẹ̀kọ́ tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún audition n'Ìbàdàn

"Kò ní etí orin." Ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé èsì ọmọ mi nìyẹn. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ìwé yẹn, bóyá ǹ bá má kọ nǹkan kan.

Ilé ẹ̀kọ́ orin kan ni, láàárín Sángo sí Mọ́kọ́lá, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe ni pé kí wọ́n múra àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ ka orin ní yunifásítì sílẹ̀ fún audition, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa pe ọmọ kó wá fi ohun èlò orin tirẹ̀ hàn níwájú àwọn olùkọ́. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé alto ni mò ń kọ nínú choir ìjọ wa ní Òkè-Àdó, àti pé mo ti ń ka sol-fa, ìyẹn doh, ray, mi, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Ẹ má wò ó pé ìyá ọmọ tó kàn ń gbèjà ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Trumpet ni ọmọkùnrin mi ń fọn. Inú Boys' Brigade ló ti kọ́ ọ, etí ló sì fi kọ́ ọ. Kọ hymn kan sí i létí lẹ́ẹ̀kan péré, á fọn ún padà fún ọ. Ṣùgbọ́n yunifásítì kì í fi etí nìkan gba èèyàn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wa ní kó mú orin kan tó ti kọ́ dáadáa wá, kó fọn scale, ìyẹn àwọn nóòtì tó ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kó ka orin tí kò rí rí tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀ níbẹ̀, kó sì dáhùn ìbéèrè. Sol-fa nìkan ló mọ̀. Nóòtì orí ìlà márùn-ún ò yé e rárá. Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ wọn. (Ẹbí bàbá rẹ̀ ní kó lọ ka Accounting. Láti 1961 ni Nsukka ti ń kọ́ orin ní yunifásítì, Ifẹ̀ ń kọ́ ọ, Poly Ìbàdàn tó wà níwájú wa níbí ní ẹ̀ka Music Technology. Mo ti bá wọn sọ ọ́ tán.)

₦180,000 ni a san, a tún san ₦25,000 lórí rẹ̀ fún mock, ìyẹn audition àṣedánrawò kan ṣáájú ti gidi.

Kí n kọ́kọ́ fi ọpẹ́ fún ẹni tí ọpẹ́ tọ́ sí. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn ní theory, ìyẹn bí a ṣe ń ka orin lórí ìwé, mọ iṣẹ́ rẹ̀ délé. Kò fi sol-fa ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Orí sol-fa náà ló gbé nóòtì kà. Ó ní kó kọ́kọ́ wá ibi tí doh jókòó sí lórí ìlà, àwọn yòókù á tò tẹ̀lé e. Kò pẹ́ rárá tí ọmọ náà fi ń gbé ìwé hymn wá bá mi nídìí ààrò, tó ń ka èyí tí a ò kọ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì sí mi létí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Yàrá wọn gbóná, iná kì í sí, mi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ohun tí mo bá wọn jà sí ni pé kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó dáa níbẹ̀, wọ́n máa ń fi í rẹ́ǹtì fún òde ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ ní Sátidé, wọ́n á ní ó wà níbi ìgbéyàwó kan ní Challenge. Sátidé yìí kan náà sì ni wọ́n fi mock sí.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè wá. Kíbọ́ọ̀dù ò tíì ti òde dé. Ọmọ mi fọn fèrè títí ètè rẹ̀ fi gbóná, ó jókòó títí ó tún fi tutù, ó tún dìde bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní aago kan kí wọ́n tó gbé kíbọ́ọ̀dù wọlé, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa tẹ̀ ẹ́. Ìwé méjì ló yẹ kó wà fún irú orin bẹ́ẹ̀, ti fèrè lọ́tọ̀, ti kíbọ́ọ̀dù lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó ń jókòó sí tábìlì àbáwọlé ní ti kíbọ́ọ̀dù ò sí nílẹ̀, pé ẹ̀rọ fótókọ́pì ti bàjẹ́. Oníkíbọ́ọ̀dù ní kò sí wàhálà. Ó gba ìwé ọmọ mi, ó wò ó fìrí. "Key C ni. Ó rọrùn." Ìyẹn ni pé orí C ni doh wà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Orin ò rẹ́. Mo fi ohùn kékeré wá doh kíbọ́ọ̀dù, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ mi: ibi tí ọmọ mi ń pè ní ray ni kíbọ́ọ̀dù ń pè ní doh. Bẹ́ẹ̀ ló rí lórí ìlà kìíní, bẹ́ẹ̀ ló rí lórí ìlà tó kẹ́yìn. Ẹni tí kò ní etí á ṣìnà níhìn-ín, á tọ̀nà lọ́hùn-ún. Ọmọ yìí dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yẹsẹ̀.

Oníkíbọ́ọ̀dù dá orin dúró. "O ti flat jù. Ti irin yẹn wọlé." Flat ni pé ohùn ti lọ sílẹ̀ jù. Irin kan wà lára trumpet tí wọ́n máa ń fà jáde tàbí kí wọ́n tì í wọlé láti fi tún ohùn ṣe. Ọmọ mi tì í. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. "Tì í sí i." Ó tì í títí kò fi síbi tó tún lè wọ̀ mọ́. Ìwọ̀nba kín-ún ni irin yẹn lè fi gbé ohùn sókè. Kò sí bó ṣe lè gbé e láti doh dé ray. Mo ń wo ìka ọmọ mi lórí bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ń gbọ̀n.

Mo wọlé, mo kọjú sí oníkíbọ́ọ̀dù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, doh yín ò pàdé ni. Ẹ tẹ tiyín nìkan kí n gbọ́." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Mummy, ẹ má bínú, èyí kì í ṣe ti choir. Orin ìwé ni." Ọmọbìnrin àbáwọlé ti sáré dé: "Mummy, àwọn òbí kì í wọ ibí yìí o. Ẹ jọ̀ọ́ mà." Bí wọ́n ṣe mú mi jáde nìyẹn, èmi tí mo sanwó. Wọ́n ní kí ọmọ fọn scale, wọ́n ní kó ka orin tí kò rí rí. Nígbà tí ìwé èsì máa jáde, scale, ó dáa. Kíka orin, ó dáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni bírò pupa wà. Báwo ni ẹni tí kò ní etí ṣe ń fọn scale tó dáa? Kò sẹ́ni tó rò ó débẹ̀.

A ti ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí Bàbá ń gòkè bọ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni, inú band àwọn ọlọ́pàá ló ti lo ìgbésí ayé rẹ̀. Ó máa ń wá kọ́ àwọn onífèrè kan níbẹ̀, ọmọ mi ò sí lára wọn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ojú ọmọ náà, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á. Ó wá yíjú sí mi: "Ìyá wa, kí lẹ̀yin gbọ́?" Látàárọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ray ọmọ mi ni doh wọn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ ká padà."

Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí oníkíbọ́ọ̀dù tẹ C, kó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní kí ọmọ mi fọn C tó wà nínú ìwé rẹ̀. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ pé ohùn méjì ni. Bàbá ní, "B flat ni wọ́n ń pe fèrè yìí. Tó bá rí C nínú ìwé tó sì fọn ún, B flat ti kíbọ́ọ̀dù, tó rẹlẹ̀ sí C, ló máa jáde. Ìdí tí ìwé fi jẹ́ méjì nìyẹn. Ìwé fèrè lo gbé síwájú tó o fi ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Tẹ transpose, sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Transpose ni bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí kó sọ ọ́ kalẹ̀. Nọ́ńbà ojú kíbọ́ọ̀dù di -2. Ó ní kí ọmọ mi fa irin rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó pàdé! Orin kan náà, ọmọ kan náà, kíbọ́ọ̀dù kan náà. Mo pariwo "Ọpẹ́ o!" níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lé mi jáde mọ́. Kò sì sí oníkíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Ìbàdàn tí kò mọ transpose í tẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn ò ṣe ni pé kó fetí sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọmọ mi títí a fi kúrò.

Mo pe ọ̀gá tó ni ibẹ̀. Ó ní òun wà l'Ékòó. Mo ní kí wọ́n yí ìwé èsì náà. "Madam, èsì tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí, a kì í yí i. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ sí etí rẹ̀ náà." Mo ní kí wọ́n dá owó mock padà. "Owó tó bá ti wọlé kì í jáde, ìlànà wa nìyẹn." Mo ya fọ́tò ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo ṣàlàyé ohun tí Bàbá ṣe. Ó kà á. Kò fèsì. Mo tún kọ. Ó kà á.

Ọmọbìnrin àbáwọlé ló pè mí ní Mọ́ńdè. "Mummy, ẹ forí jì mí. Wọ́n ní tí mo bá jẹ́ kí òbí wọlé, àwọn á yọ ọ́ nínú owó mi." Ó ti lọ sí Agbowó lọ tẹ ìwé kíbọ́ọ̀dù náà jáde fúnra rẹ̀, ẹ̀dà méjì, ó fi séló lẹ ojú ìwé pọ̀ kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ má baà máa wá ibi tó máa ṣí. Owó rẹ̀ ni, kò sì gbà kí n san án. Ó tún fi ọmọ mi sábẹ́ Bàbá láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nírọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn bá ti lọ, òun ló ń dúró ti jẹnẹrétọ̀ kí àwọn méjèèjì fi rí iná lò.

Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé orin tí wọ́n yàn fún un tì. Nóòtì òkè pọ̀ nínú rẹ̀ jù, kò sì sí ibi tí ètè ti máa sinmi. "Èyí tó o lè fọn lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni kó o gbé lọ." Ó wá orin tó rọrùn fún un, ó sì ní kó fọn ún mọ́. Fún kíka orin tí kò rí rí, ó máa ń fún un ní ìdajì ìṣẹ́jú: kó wo iye àmì flat tàbí sharp tó wà níbẹ̀rẹ̀, kó wo iye ìlù tó wà nínú bar kan, ìyẹn àárín ìlà òòró méjì, kó wá ibi tó le jù kó fi ìka ṣe é láìfọn ún. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn, bó tilẹ̀ ṣìnà. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ audition, kó fọn nóòtì ìsàlẹ̀ gígùn díẹ̀ jẹ́jẹ́, kó gbé fèrè sílẹ̀, kó má bá àwọn yòókù fi fèrè díje níta, torí ètè tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́.

Ó tún ní wọ́n lè bi í nípa àwọn tiwa. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún un nípa Fela Sowande tí wọ́n bí ní 1905, tó tẹ dùrù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní UI wa níbí. Nípa Ayo Bankole àti Akin Euba, tí wọ́n bí àwọn méjèèjì ní 1935. Ọmọ mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Èmi gan-an, Sowande nìkan ni mo mọ̀.

Lọ́jọ́ audition, ẹni tó máa tẹ piano fún wọn na ọwọ́: "Ìwé mi dà?" Ọmọ mi fà á yọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní B flat kí n fi tún ohùn ṣe." Ó ní ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó jókòó gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Wọ́n bi í nípa Sowande lóòótọ́. Orúkọ rẹ̀ ti jáde, ó ti san owó àbáwọlé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ sókè á ní ó pọ̀ jù. Ọmọ tí kò lè ka nóòtì kan ló wọ ibẹ̀, nígbà tó jáde, ó wọ yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibẹ̀ kó kọ̀wé sí mi, màá júwe ẹ̀, màá sì sọ ọjọ́ tí Bàbá máa ń wà níbẹ̀. Ẹ rí i pé ìwé kíbọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ọmọ yín kí ẹ tó gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. ₦25,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn, ìwé oníbírò pupa ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń retí ìpè rẹ̀.